Kẹ̀kẹ́, Kòkó àti Òṣómàáló ní Ọ̀nà Ọ̀tan-Ilé

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ọ̀tan-Ilé dé ni. Itan mi méjèèjì ń ro mí, ṣùgbọ́n inú mi dùn. Èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi mẹ́ta ni a jọ gun kẹ̀kẹ́ lọ, gẹ́gẹ́ bí a ti máa ń ṣe lọ́dọọdún nígbà tí oṣù Ọ̀wàrà bá ń parí lọ tí Bélú sì ń wọlé bọ̀. (Fún ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́: Ọ̀wàrà ni oṣù kẹwàá, Bélú ni ìkọkànlá.) Àkókò yìí ni àwọn òyìnbó ń gbádùn ìgbà ìwọ́wé ní ilẹ̀ tiwọn, tí ewé igi ń pọ́n tí ó sì ń já sílẹ̀. Ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, kì í ṣe ewé ni ojú ń wò lákòókò yìí, kòkó ni. Òjò a ti dín, ọyẹ́ kò sì tíì dé. Ilẹ̀ ọ̀nà oko a le dáadáa lábẹ́ táyà, atẹ́gùn òwúrọ̀ a sì tutù débi pé ènìyàn lè gun òkè kan parí kí ó tó rántí omi. Bí ẹ bá fẹ́ gun kẹ̀kẹ́ ní agbègbè wa, àkókò rẹ̀ nìyẹn.

Fún ẹni tí kò bá mọ ibẹ̀, Ọ̀tan-Ilé wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Obòkun, ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ẹ má ṣe ṣì í mú fún Ọ̀tan Ayégbajú tí ó wà ní Bolúwadúró. Ìbòkun ni olú ìjọba ìbílẹ̀ wa; Ẹ̀sà-Òkè àti Ìmẹ̀sí-Ilé wà ní ìtòsí, bí ènìyàn bá sì kọjá Ìmẹ̀sí-Ilé, ilẹ̀ Èkìtì ni ó ń bọ́ sí. Orúkọ Obòkun yìí pàápàá, inú ìrìn àjò ni ó ti jáde. Ìtàn sọ pé nígbà tí ojú Odùduwà fọ́, omi òkun ni a ní kí wọ́n wá fún ìtọ́jú rẹ̀, Ajíbógun ni ó sì gbéra lọ bu òkun wá, tí a fi ń pè é ní Ọwá Obòkun. Láti Ilé-Ifẹ̀ dé etí òkun, àlọ àti àbọ̀, ẹsẹ̀ ni ó fi rìn ín. Bí ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ mi bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn pé òkè pọ̀ jù, Ajíbógun ni mo máa ń rán an létí.

Bọ́ọ̀sì ni ó máa ń gbé àwa àti kẹ̀kẹ́ wa láti Òṣogbo dé Ilésà. Láti Ilésà ni a óò ti gùn ún gba ìhà Ìbòkun wọ Ọ̀tan-Ilé, a óò sùn ní ilé bàbá mi, a óò sì fi ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta tó kù wọ àwọn ọ̀nà oko. Àwọn ọ̀nà wọ̀nyí ni mo fẹ́ràn jù. Ọ̀dà kò kàn wọ́n rí. Wọn a gba abẹ́ igi kòkó kọjá, níbi tí òkùnkùn díẹ̀ máa ń wà ní ọ̀sán gangan, wọn a sọ̀kalẹ̀ sí odò kékeré tí pákó méjì jẹ́ afárá rẹ̀, wọn a sì tún gun òkè lọ. Ẹni tí ó bá ṣáájú ni yóò máa ké pé “Gbòǹgbò! Gbòǹgbò!” kí àwọn tó wà lẹ́yìn lè mọ ibi tí wọn yóò ti rọra.

Ní ọjọ́ kejì, bí a ti ń ti kẹ̀kẹ́ gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan, ìyá kan tí ó ń sá kòkó sórí ẹní lẹ́bàá ọ̀nà wò wá títí.

“Ẹ kú ìrìn o, ẹ̀yin ọmọ mi. Ṣé owó ọ̀kadà ni ó tán lọ́wọ́ yín ni?”

Ọ̀rẹ́ mi tí ó jẹ́ olùkọ́ ìṣirò dá a lóhùn pé, “Rárá o, màmá. Fàájì ni a ń ṣe.”

“Fàájì? Pẹ̀lú òógùn báyìí?” Ó mi orí, ó sì padà sídìí kòkó rẹ̀.

A rẹ́rìn-ín títí a fi dé orí òkè. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn mi. Ní ìgbà èwe ìyá yìí, ẹni tí ó bá gun kẹ̀kẹ́ wọ abúlé, ẹni ńlá ni. Àwọn ọmọdé a sáré tẹ̀lé e. Báwo ni ohun ìyangàn ọjọ́sí ṣe wá di àmì àìlówó? Ohun tí mo rí nígbà tí mo tọ ìbéèrè yìí lẹ́yìn ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí. Mo kìlọ̀ fún yín tẹ́lẹ̀: ọ̀rọ̀ fàájì ni mo rò pé mo fẹ́ kọ, ibi gbèsè ni ó gbé mi dé.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀. Kẹ̀kẹ́, ohùn ìsàlẹ̀ àti ohùn òkè, ni à ń pe ohun tí ń yí tí ó sì ń gbé ènìyàn tàbí ẹrù lọ. Nínú Bíbélì Yorùbá, kẹ̀kẹ́ ni Fáráò àti àwọn ọmọ ogun rẹ̀ gùn lé àwọn ọmọ Ísírẹ́lì wọ inú òkun. Ẹ má gbàgbé àmì ohùn, nítorí bí ẹ bá fi ohùn òkè méjì sí i, ó di kẹ́kẹ́, ìyẹn ọ̀kan nínú ilà tí a ń kọ sí ojú. Bí ẹnì kan bá kọ ọ́ láìlámì pé bàbá òun ní “keke”, a kò lè mọ̀ bóyá ilé ni yóò ti mú un wá tàbí ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Nígbà tí kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ méjì dé, a fún un ní orúkọ àdàpè: kẹ̀kẹ́ ológeere. Geere ni ohun tí ń lọ láìkọsẹ̀, tí ń yọ́ lọ bí omi lórí òkúta dídán. Orúkọ yìí dùn mọ́ mi púpọ̀. Ẹni tí ó kọ́kọ́ pè é bẹ́ẹ̀ kò wo irin rẹ̀, kò wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìrìn rẹ̀ ni ó wò. Ọ̀rọ̀ tí ó wà fún ẹṣin tẹ́lẹ̀ ni a sì kó fún un. A ń gun ẹṣin, a sì ń gun kẹ̀kẹ́. Gàárì ni a ń di mọ́ ẹ̀yìn ẹṣin, gàárì náà ni ìjókòó kẹ̀kẹ́. Ní agbègbè tiwa ni ènìyàn ti lè gun kẹ̀kẹ́ kí ó sì tún máa gun òkè lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀rọ̀ ìṣe kan ṣoṣo, làálàá méjì.

Mo mẹ́nu ba ẹṣin nítorí ìdí kan. Ilẹ̀ ọ̀dàn ni agbára ẹlẹ́ṣin Ọ̀yọ́ àtijọ́ wà. Inú igbó ni Ìjẹ̀ṣà wà, eṣinṣin tí ń mu ẹ̀jẹ̀ ẹran tí ó sì ń kó àìsàn ràn án kò sì jẹ́ kí ẹṣin pẹ́ láyé níbẹ̀. Ìjòyè kan lè ní ọ̀kan fún àṣehàn, ṣùgbọ́n tálákà kò gun nǹkan kan. Orí ni a fi ń ru ẹrù, ẹsẹ̀ ni a fi ń rìn. Nítorí náà, kì í ṣe pé kẹ̀kẹ́ wá gba ipò ẹṣin lọ́wọ́ wa. Òun ni ẹṣin àkọ́kọ́ tí ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí kì í ṣe ìjòyè lè ní: ẹṣin tí kì í jẹ koríko, tí eṣinṣin kò sì lè pa.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo ọdún. Láti ọdún 1817 tí Karl von Drais ti gbé igi ẹlẹ́sẹ̀ méjì rẹ̀ jáde ní Jámánì, tí ẹni tí ó gùn ún sì ń fi ẹsẹ̀ ti ilẹ̀, ni àwọn òyìnbó ti ń ṣe é ní oríṣiríṣi. Irú èyí tí a mọ̀ lónìí, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba tí ṣéènì sì ń yí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, ọwọ́ John Kemp Starley ni ó ti jáde ní ìlú Coventry ní ọdún 1885. Rover ni ó pè é. Ní ọdún 1885 yẹn gan-an, kí ni ń ṣẹlẹ̀ ní ẹ̀bá ọ̀nà tí a gbà ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá? Ìbọn ńlá ń dún. Ogun Kírìjì ni, tí ó ti bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 1877, tí Ìbàdàn wà ní apá kan tí Èkìtì Parapọ̀ sì wà ní apá kejì. Ìhà Ìmẹ̀sí-Ilé ni ibùdó Èkìtì Parapọ̀ wà, Ògèdèǹgbé ọmọ Ilésà ni olórí ogun wọn. Wọ́n ní ìró ìbọn náà ni a fi sọ ogun ní Kírìjì. Ọdún 1886 ni wọ́n fọwọ́ sí ìwé àdéhùn àlàáfíà, ó sì di 1893 kí àwọn jagunjagun tó tú ibùdó ká pátápátá. Kò sí ẹni tí ó lè gba ọ̀nà yẹn lọ́fẹ̀ẹ́ kí ó tó di ìgbà náà, ì báà ní ìyẹ́.

Ní ọdún 1888, John Boyd Dunlop, dókítà ẹran kan ní Belfast, gba ìwé àṣẹ lórí táyà rọ́bà tí a fi atẹ́gùn kún. Kẹ̀kẹ́ ọmọ rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ dán an wò fún. Kẹ̀kẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ geere lóòótọ́, gbogbo ayé sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá rọ́bà. Ní Kóńgò, ìwákúwàá yìí di ìpànìyàn àti gígé ọwọ́ lábẹ́ Leopold ọba Bẹ́ljíọ̀mù. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, igbó ni ó jìyà jù. Igi kan wà tí àwọn baba wa ń pè ní irẹ́, oje funfun inú rẹ̀ a máa di rọ́bà. Ní nǹkan bí ọdún 1894 ni àwọn tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ ti Gold Coast wá fi bí a ti ń ṣe é hàn, ní ọdún 1895, rọ́bà tí wọ́n kó gba Èkó lọ sí òkè òkun ju ìwọ̀n pọ́ùn mílíọ̀nù 5 lọ. Àwọn ènìyàn ń wọ igbó bí ẹni tí ń wá wúrà. Wọ́n kọ igi náà lára láìfún un ní ìsinmi, ọ̀pọ̀ rẹ̀ kú, kí ọ̀rúndún náà sì tó parí, òwò náà ti wó lulẹ̀. Ẹ wo ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Kí kẹ̀kẹ́ tó di ohun tí a ń rí lójoojúmọ́ ní ilẹ̀ wa, igbó wa ti sanwó táyà rẹ̀.

Reluwé ni ó mú ọjà òyìnbó súnmọ́ wa. Ó dé Ìbàdàn ní 1901, ó sì dé Òṣogbo ní 1907. Kò ya Ilésà. Ohunkóhun tí ará Ilésà bá fẹ́ nínú ọkọ̀ ojú irin, ó ní láti lọ pàdé rẹ̀ ní Òṣogbo, ìrìn tí ó tó nǹkan bí ọgbọ̀n kìlómítà. Mo gbà pé èyí wà lára ohun tí ó mú kí Ìjẹ̀ṣà di arìnrìn-àjò tó bẹ́ẹ̀: ọjà kò wá bá wọn nílé, àwọn ni wọ́n lọ bá a. Láti inú àwọn arìnrìn-àjò wọ̀nyí ni òṣómàáló ti jáde.

Ọ̀pọ̀ nínú yín ti gbọ́ orúkọ náà. Òṣómàáló ni Ìjẹ̀ṣà tí ń ru aṣọ láti ìlú dé ìlú, láti abúlé dé abúlé, tí ń tà á ní àwìn: Èkìtì, Àkókó, Ìgbómìnà, títí dé ìhà Kàbbà àti ilẹ̀ Núpé. Nígbà tí ọjọ́ owó bá pé, yóò padà. Bí olówó kò bá sanwó, yóò lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, yóò sì ní, “Òṣó ni màá ló títí n ó fi gba owó mi.” Ibẹ̀ ni orúkọ ti wá. J. D. Y. Peel, ọ̀mọ̀wé òyìnbó tí ó ṣe ìwádìí ní Ilésà, kọ nípa wọn nínú ìwé rẹ̀ Ijeshas and Nigerians tí ó jáde ní 1983; kí ẹni tí ó bá fẹ́ mọ̀ sí i wá a kà. Ẹsẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ń fi rìn, ẹrù ń bẹ lórí. Nígbà tí ó yá, ẹni tí ó bá ti rí ṣe nínú wọn a ra kẹ̀kẹ́. Ráléè ni ó gbajúmọ̀ jù, ìyẹn Raleigh tí wọ́n ń ṣe ní Nottingham, orúkọ àdúgbò tí ilé iṣẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n fi sọ ọ́. Hercules àti BSA náà wà. Wọn a di aṣọ mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ títí yóò fi ga ju orí ẹni tí ó gùn ún lọ.

Ní Ọ̀tan-Ilé, mo bá bàbá kan sọ̀rọ̀ tí ó ti ṣe iṣẹ́ yìí rí. Ó ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún. A dọ̀bálẹ̀, ó ní kí á dìde, ó sì béèrè lọ́wọ́ èmi tí mo jẹ́ ọmọ ìlú pé ọmọ ta ni mí. Nígbà tí mo dárúkọ agbo ilé wa, ó ní kí wọ́n gbé àga wá. Ó sọ pé ìgbà tí kòkó lówó lórí, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, ni òun bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀lé arákùnrin bàbá òun lọ sí Èkìtì. Ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ ni wọ́n ń gbé òun sí nígbà tí aṣọ bá ti tán. Bí aṣọ bá kún, òun a máa sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọdún kẹta ni òun tó ní tòun.

Ẹnu yà mí sí bí ó ṣe mọ ara kẹ̀kẹ́ náà tó. Ó ní tí ènìyàn bá ń bọ̀ láti orí òkè Ìmẹ̀sí pẹ̀lú ẹrù, bíréèkì nìkan kò tó, a máa ń so ẹ̀ka igi mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ kí ó máa wọ́ nílẹ̀ láti fà á sẹ́yìn. Bí táyà bá jò nínú igbó tí kò sí ohun tí a ó fi lẹ̀ ẹ́, koríko ni wọn a kì sínú rẹ̀ títí yóò fi le. Láìsí iná lálẹ́, akódà lè mú ọ. Láìsí nọ́ńbà tí ó fi hàn pé o ti san owó kẹ̀kẹ́ ọdún náà, ó lè gba kẹ̀kẹ́ lọ́wọ́ rẹ. Ó tún ní àwọn tó ṣáájú òun máa ń sọ nípa ọ̀dá táyà ìgbà ogun Hitler. Ìyẹn jẹ́ òtítọ́ tí ó kan gbogbo ayé: ní ìparí ọdún 1941 ni àwọn ọmọ ogun Jàpáánù wọ Malaya, ọ̀pọ̀ nínú wọn lórí kẹ̀kẹ́ ológeere, Singapore sì ṣubú ní oṣù kejì ọdún 1942. Ibẹ̀ ni rọ́bà Gẹ̀ẹ́sì ti ń wá. Nígbà tí ó bọ́, ìjọba amúnisìn tún ní kí a padà sínú igbó wa lọ kọ igi rọ́bà.

Mo wá bi bàbá náà léèrè ohun tí ó gbé mi wá: ṣé ẹ ń gun kẹ̀kẹ́ fún fàájì nígbà yẹn? Ó wò mí bí ẹni pé mo béèrè bóyá wọ́n ń jẹun. Ó ní bí ọjọ́ ọdún bá kù sí dẹ̀dẹ̀ tí àwọn ọ̀dọ́ ti ẹ̀yìn odi dé, wọn a fi òróró nu kẹ̀kẹ́ títí yóò fi máa kọ mànà, wọn a di bébà aláwọ̀ oríṣiríṣi mọ́ sípóòkù, wọn a sì tò lẹ́sẹẹsẹ gun kẹ̀kẹ́ lọ sí Ìbòkun àti Ẹ̀sà-Òkè, láìrà, láìtà. “Kí ni ẹ ń wá lọ síbẹ̀, bàbá?” “Kí wọ́n lè rí wa ni.” Àwọn ọ̀rẹ́ mi pàtẹ́wọ́. A ti rí ìdáhùn fún ìyá onikòkó. Ní ọdún 1952, ní àkókò kan náà, ọmọ Yorùbá kan tí ń jẹ́ Ọlábísí Àjàlá gun kẹ̀kẹ́ láti Chicago dé Los Angeles ní Amẹ́ríkà, ìrìn máìlì 2,280, pẹ̀lú agbádá lọ́rùn rẹ̀, ó ń bá àwọn ènìyàn sọ̀rọ̀ nípa ilẹ̀ Áfíríkà lójú ọ̀nà. Òun náà ni ó fi alùpùpù yí ayé ká lẹ́yìn náà tí Ebenezer Obey fi kọrin nípa rẹ̀. Ẹni tí ó bá ní àṣà òyìnbó ni gígun kẹ̀kẹ́ fún ìgbádùn, kí ó lọ bi Àjàlá.

Ibẹ̀ ni mo fẹ́ dúró sí. Ṣùgbọ́n bàbá náà kò tíì parí. Ó ní ìrìn ìgbádùn ti ìparí ọdún wà, ṣùgbọ́n ìrìn tí ó ṣáájú rẹ̀ ni iṣẹ́ gan-an. Nígbà òjò, tí kò sí owó lọ́wọ́ àgbẹ̀, ni wọ́n máa ń pín aṣọ káàkiri. Láti Ọ̀wàrà dé Ọ̀pẹ, nígbà tí àgbẹ̀ bá ti ta kòkó, ni wọ́n máa ń lọ gba owó. Ó nawọ́ sí kẹ̀kẹ́ kan tí wọ́n fi okùn so rọ̀ mọ́ igi àjà, tí ìpẹtà ti bò ó, ó sì ní kí ọmọ ọmọ òun gbé e sọ̀kalẹ̀. Ó fi àtàǹpàkò tẹ agogo rẹ̀. Ó dún. “Agogo yìí,” ó ní, ẹ̀rín sì bọ́ lẹ́nu rẹ̀, “ó ti lé ọ̀pọ̀ ọkùnrin wọ igbó.”

Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín. Èmi kò lè rín tèmi dénú.

Ọmọ Èkìtì ni ìyá mi. Nígbà tí mo wà ní kékeré tí bàbá mi ra kẹ̀kẹ́ fún mi, ìyá mi kò jẹ́ kí n lu agogo rẹ̀ nínú ọgbà. Mo rò pé ariwo ni kò fẹ́. Ìgbà tí mo dàgbà ni ó tó sọ fún mi pé òun ni bàbá òun máa ń rán sí ẹnu ọ̀nà láti sọ pé bàbá kò sí nílé. Bí agogo kẹ̀kẹ́ bá ti dún láti ìsàlẹ̀ àdúgbò nígbà kòkó, bàbá rẹ̀ a wọ yàrá, a ti ilẹ̀kùn. Òṣómàáló a gbé kẹ̀kẹ́ ti ògiri, a lóṣòó. Ọmọ ọdún méje tàbí mẹ́jọ, ni ó máa dúró síwájú rẹ̀ tí yóò máa purọ́. Ọkùnrin náà kì í bá a wí. Ó kàn máa ń wo ilẹ̀ ni. Ọdún kan wà tí ó sùn sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọn ní òru mẹ́ta, ìyá rẹ̀ sì ń bu oúnjẹ fún un ní àárọ̀ àti ní alẹ́, nítorí àlejò ni, ì báà jẹ́ olówó. Aṣọ tí bàbá rẹ̀ rà fún òkú ìyá tirẹ̀ ni gbèsè náà ti bẹ̀rẹ̀.

Nítorí náà, oṣù kan náà, ọ̀nà kan náà, atẹ́gùn tútù kan náà tí ó ń mú wa kọrin lórí kẹ̀kẹ́ ni ó ń mú àwọn kan sá wọ yàrá. Mo sọ ọ́ fún bàbá náà. Ojú tì mí díẹ̀ láti sọ ọ́ ní ilé rẹ̀, ṣùgbọ́n mo sọ ọ́. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní kí n má rò pé tiwọn ni aṣọ náà. Ọ̀dọ̀ àwọn oníṣọ́ọ̀bù ńláńlá ní Ilésà àti Òṣogbo ni àwọn náà ti ń gbà á ní àwìn, ọjọ́ tí wọ́n dá fún wọn kì í sì í yẹ̀. Arákùnrin bàbá òun ta oko rẹ̀ kan ní ọdún tí àwọn onígbèsè rẹ̀ kò san. Òun tí ó lóṣòó ní Èkìtì, ẹlòmíràn ń lóṣòó dè é ní ilé. Èmi kò mọ èwo ni kí n gbè nínú méjèèjì, n kò sì rò pé ìtàn fẹ́ kí n gbè é. Ṣùgbọ́n n kò tún ní kọ nípa òṣómàáló gẹ́gẹ́ bí ẹni pé ọgbọ́n ìṣòwò nìkan ni ó wà níbẹ̀, bí ọ̀pọ̀ wa ti máa ń ṣe nígbà tí a bá ń yin Ìjẹ̀ṣà.

Ìyókù ìtàn kẹ̀kẹ́ kò gùn. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn ní oṣù kìíní ọdún 1955, kẹ̀kẹ́ olùkọ́ sì kún ojú ọ̀nà. Owó epo dé ní àwọn ọdún 1970, owó Udoji tẹ̀lé e ní 1975, ẹni tí ń gun Ráléè sì ra Honda. Nígbà tí ìdẹra náà dópin, alùpùpù di ọkọ̀ èrò. Orúkọ ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú Okada Air, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1983, ni wọ́n fi ṣe ẹ̀fẹ̀ sọ ọ́ ní ọ̀kadà. Kẹ̀kẹ́ wá kù fún ẹni tí kò rí ọ̀kadà rà. Ibẹ̀ ni ìyá onikòkó wa ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìwé tirẹ̀.

Kí a tó dìde, bàbá náà béèrè bóyá a ní pọ́ńpù. Ó ní àwọn tí ń ra irin àlòkù ti wá lẹ́ẹ̀mẹta nítorí kẹ̀kẹ́ náà, àwọn ọmọ òun ní Èkó sì ní kí òun tà á, ṣùgbọ́n òun fẹ́ mọ̀ bóyá táyà rẹ̀ ṣì lè gba atẹ́gùn. A fún un ní atẹ́gùn. Ti iwájú gbà á. Ti ẹ̀yìn ń jò. Olùkọ́ ìṣirò jókòó sílẹ̀, ó tú túùbù, ó lẹ̀ ẹ́, ó sì gbà wá tó wákàtí kan. Bàbá náà di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú, ó tì í yí àgbàlá ká lẹ́ẹ̀kan, kò gùn ún.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà mo pe ìyá mi. Mo sọ ẹni tí mo rí fún un. Mo bi í bóyá bàbá rẹ̀ san gbèsè aṣọ yẹn tán kí ó tó kú.

“Ó ku ṣílè méje,” ó ní. “Ẹ̀gbọ́n mi ni ó san án lẹ́yìn ìsìnkú.” Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó wá béèrè bóyá bàbá tí mo rí náà ṣì ń jẹun dáadáa, àti ta ni ó ń se oúnjẹ fún un.